Ẹ má fi ọkà ba ẹsẹ̀ ẹṣin jẹ́

Ẹ̀yin ará, bí ẹṣin bá ń tiro, a máa ń sọ pé òkúta ló gún un, tàbí pé ó yẹ kó wọ bàtà irin. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ Benin, títí dé Nikki níbi tí wọ́n ti ń gùn wọ́n ṣe ọdún Gaani, kì í wọ bàtà irin. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá sí òkúta níbẹ̀, ẹ wo igbá oúnjẹ rẹ̀.

Ẹṣin kì í bì. Bí ó bá jẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo jù lẹ́ẹ̀kan, ọkà náà a kan nínú ìfun rẹ̀, oró a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Ẹran tó so egungun mọ́ pátákò a wú, ó sì lè já. Pátákò a gbóná, ẹṣin a na ẹsẹ̀ iwájú, a fa ara sẹ́yìn. Ẹ má nà án pé kó rìn o! Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ fi ọwọ́ pa ìhà rẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá kan egungun ìhà, tí òkè ọrùn rẹ̀ sì wú tó le, ó ti sanra jù. Ẹ dín ọkà kù, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ. Ẹ má febi pa á, ebi òjijì lè pa ẹṣin tó sanra. Bí ẹsẹ̀ kò bá dùn ún, kó máa rìn lójoojúmọ́. Ilẹ̀ líle a máa há pátákò rẹ̀. Èyí tí kì í rìn púpọ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gé máa gé tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Ẹni tó ni ẹṣin lè bínú pé koríko lásán lẹ fi ń bọ́ ẹṣin òun. Ẹ ní kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìhà náà wò.