Ta Ló Ní Kọ́kọ́rọ́ Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa?

Tí àlejò bá kanlẹ̀kùn lóru, a kì í ṣàdédé ṣílẹ̀kùn fún un. A ó kọ́kọ́ béèrè pé: "Ta nìyẹn? Níbo lo ti ń bọ̀?" Ìbéèrè yìí gan-an la ò béèrè nígbà tí a kó orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà.

Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ńlá kan la máa ń kọ orúkọ àti owó oṣooṣù sí, akọ̀wé a sì tì í mọ́ àpótí. Ní báyìí, orí sáfà ló wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń lọ bá. Ó yá ju tàtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ ìyá aláṣọ kan láàárín wa kú, tí ìyá náà wá gba owó ìrànwọ́ ìsìnkú, wọn ò rí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, rìsíìtì ọdún mọ́kànlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló pa orúkọ náà rẹ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo, "root", ni èèyàn mẹ́fà fi ń wọlé.

Nínú MySQL tí ẹgbẹ́ wa ń lò, "root" ni ọ̀gá pátápátá. Ó lè kà, ó lè yí i padà, ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Sáfà kì í sì í ṣe odi. Tí ẹ bá tẹ SELECT @@hostname, @@port. Yóò sọ orúkọ ẹ̀rọ tó wà àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 3306. SHOW GRANTS, yóò sọ ohun tí wọ́n fún ẹ̀yin tí ẹ wọlé láyè láti ṣe. Tí ọ̀gá bá tẹ SELECT user, host FROM mysql.user, gbogbo orúkọ tó ní kọ́kọ́rọ́ yóò jáde, pẹ̀lú ibi tí kálukú ti lè wọlé. Èyí tó bá ní àmì % nìkan, ibikíbi ló ti lè kanlẹ̀kùn.

Àwọn kan ń sọ pé à ń fi ẹ̀sùn olè kan àwọn aláṣẹ. Rárá o. Nígbà tí èèyàn mẹ́fà bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹni kan lè ṣẹ̀, kí olóòótọ́ márùn-ún bá a ru ẹ̀gàn. Lóòótọ́, àwọn ìbéèrè yìí ò lè sọ ẹni tó ṣe ti àná, ṣùgbọ́n wọ́n lè dènà ti ọ̀la. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2023 náà sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó ń tọ́jú orúkọ èèyàn dáàbò bò ó.

Ohun tí a fẹ́ nìyí: kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀, kí akápò lè kọ owó sílẹ̀, kó má lè pa orúkọ rẹ́, kí a gba "root" lọ́wọ́ èrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n bi sáfà ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ létí ìpàdé.

Àti ìyá yẹn, ẹ san owó rẹ̀ fún un. Rìsíìtì kò parọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àwa la la ògiri yìí, àwa náà la ó dí i.