Ẹ̀rù Ló Ń Ba Ológbò Yẹn, Kì í Ṣe Àjẹ́

Orúkọ mẹ́ta ni mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe ológbò tó bá ń sá fún ènìyàn: àjẹ́, olè, olóríkunkun. Àwa tí a ti lo ọdún mẹ́rin nídìí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kò yẹ ká gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ká kàn kọjá lọ. Orúkọ tí a bá fún nǹkan kì í sábà dúró sí ẹnu. Ọwọ́ máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tó pe ológbò ní àjẹ́ yóò sọ ọ́ lókùúta. Ẹni tó pè é ní olóríkunkun yóò gbá a lọ́rùn mú, yóò sì tì í sínú àpò. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a kò bá sì lè pe ẹ̀rù ní ẹ̀rù, aràn àti yọ̀rọ̀ ni yóò máa pa wọ́n níṣojú wa, nígbà tí dókítà ẹranko wà nítòsí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Fáwẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní igbe rẹ̀ kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan nínú. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ parí ẹ̀kọ́, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé tí a ń gbé ní Agbowó. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí bóyá nǹkan kan wà tí ẹ fi sílẹ̀.) Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń sùn nínú ọyẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn lásán ló máa gbọ́, ó ti wọlẹ̀. Nígbà tó fi máa gbà láti jẹun níwájú mi, mo ti rí ohun tó ń ṣe é: egungun ìhà rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ wú, yọ̀rọ̀ ń sá kiri lọ́rùn rẹ̀, àwọn nǹkan funfun bí ẹyọ ìrẹsì sì lẹ̀ mọ́ irun ìdí rẹ̀.

Aràn ni ìrẹsì yẹn. Aràn pẹlẹbẹ gígùn kan ni, tí ara rẹ̀ máa ń já ní ègé-ègé, tí ègé náà sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Yọ̀rọ̀ ló ń gbé e kiri. Ọmọ yọ̀rọ̀ máa ń jẹ ẹyin aràn náà nílẹ̀. Tó bá dàgbà, á fò mọ́ ológbò. Ológbò á fi ahọ́n lá ara rẹ̀, á gbé yọ̀rọ̀ mì, aràn á sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú ìfun. Ìdí nìyí tí ẹni tó lo oògùn aràn, tí kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yọ̀rọ̀, fi máa ń rí ìrẹsì yẹn padà láìpẹ́. Aràn mìíràn tún wà tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọmọ ológbò lè mu mọ́ wàrà ìyá rẹ̀. Ìyẹn ló sábà máa ń mú ikùn wú.

Bí mo ṣe béèrè ohun tí mo lè ṣe, gbogbo ilé di dókítà. Ẹnì kan ní kí n fún un ní epo pupa. Ẹnì kan ní kí n gé oògùn aràn tòun fúnra rẹ̀ sí méjì. Ẹnì kẹta gbé ìgò otapiapia wá láti yàrá rẹ̀, ó ní kí n wọ́n díẹ̀ sí i lára. Ẹnì kẹrin mú àtíkè tí wọ́n fi ń pa eégbọn lára ajá jáde, ó ní ẹranko ni ẹranko ń jẹ́.

Ẹranko kì í ṣe ọ̀kan náà o. Níbi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ológbò ti ń kú. Epo pupa kì í pa aràn. Otapiapia tí wọ́n ń tà ní ìgò kékeré, dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún ẹnikẹ́ni tó bá ní èémí, àwa náà wà nínú rẹ̀. Ní ti àtíkè àti ọṣẹ ajá, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi permethrin ṣe. Ajá lè fara da permethrin, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú u ká bó ṣe yẹ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasítámọ́ọ̀lù: ẹyọ kan ṣoṣo tí à ń lò sí orí fífọ́ lè pa odindi ológbò. Ẹ má sì gbàgbé pé ológbò kì í fi nǹkan sílẹ̀ lára. Ohun tí ẹ bá wọ́n sí i lẹ́yìn láàárọ̀, á ti lá a mì kó tó di ọ̀sán.

Mo mọ ọmọ ológbò kan ní òpópónà kejì sí wa tí wọ́n wọ́n àtíkè ajá sí lára lọ́jọ́ Sátidé. Kò rí ọjọ́ Ajé. Ẹni tó wọ́n ọn sí i lára fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sunkún títí. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni dókítà.

Dókítà yìí ló wá kù, iṣẹ́ sì kúkú wà nínú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ohun tó ń sá fún un dé ilé ìwòsàn? Ìmọ̀ràn tí mo gbọ́ jù ni pé kí n dì í sínú àpò Gánà, kí n ti síìpù rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò sí nínú àpò yẹn. Ká tiẹ̀ wá ní ó dé ibẹ̀ láàyè, kò tún ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú aràn kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ká lọ sùn.

Apẹ̀rẹ̀ oníke tó ní ìdérí, irú èyí tí a fi ń kó aṣọ ìdọ̀tí, ni mo rà. Ihò pọ̀ lára rẹ̀. Mo fi í sí kọ̀rọ̀ yàrá mi, mo tẹ́ ògbólógbòó aṣọ tí Fáwẹ́lì ti ń sùn lé sínú rẹ̀, n kò sì pè é wá síbẹ̀ rárá. Ọjọ́ kìíní, mo gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ẹnu apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ó wọlé, ó jẹun, ó sì sá jáde bí ẹni tó jalè. Ní ọjọ́ keje ó sùn sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó dé e fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ẹní dé ogún, mo ṣí i, mo fún un ní ẹja. Àwọn kan ní mo ń fàkókò ṣòfò, àti pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá máa jókòó ti apẹ̀rẹ̀. Ó dára. Ẹni tó bá ní sùúrù ló ń fún wàrà kìnìún mu, tèmi ò sì tó kìnìún.

Ohùn náà ṣe pàtàkì. Ní èdè tiwa tó ní ohùn mẹ́ta, Fáwẹ́lì kò fẹ́ gbọ́ mí rárá. Dò ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo da aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ náà kó má baà máa wo ìta, a sì jáde. Awakọ̀ Micra àkọ́kọ́ gbọ́ igbe lábẹ́ aṣọ, ó ní òun kì í gbé àjẹ́. Èkejì náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ màmá kan tó jókòó níwájú dá a lẹ́kun: “Dẹ́rẹ́bà, gbé ọmọ yìí. Èkúté tó wà nílé rẹ, ṣé ìwọ lò ń pa á ni?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Awakọ̀ gbà, ṣùgbọ́n owó ìjókòó méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. A fẹ́ kí ológbò máa lé èkúté, torí a mọ̀ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté; ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ṣe é, ó di àjẹ́ nìyẹn.

Ajá mẹ́ta ló ń dúró de dókítà. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ sórí àga, nítorí pé orí ilẹ̀ tún máa ń dá kún ẹ̀rù ológbò, mo sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwọn ajá. Dókítà kò fà á jáde. Ó ṣí ìdérí, ó fi táwẹ́lì yí i lára níbi tó wà. Ó wọn ìwúwo rẹ̀, torí pé ìwúwo ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n oògùn: praziquantel fún aràn ìrẹsì yẹn, pyrantel fún ìyókù, àti oògùn yọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fún ológbò, tí wọ́n kán sí ẹ̀yìn ọrùn níbi tí ahọ́n kò lè dé. Ó ní kí n fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tó ń sùn lé, nítorí pé ilẹ̀ àti aṣọ ni ẹyin yọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, kí a sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ènìyàn gan-an kò rí owó ilé ìwòsàn san, ológbò la wá ń sọ. Òótọ́ ni pé owó wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé kan náà la jọ ń gbé. Ọmọ aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ológbò àti ti ajá tó lè gba inú yanrìn wọ awọ ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà, táá máa yún un kiri. Tọ́jú ológbò kan, o ti tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ onílé. Bí owó bá ṣòro fún ẹnì kan, ẹni mẹ́rin lè dá a. Ẹgbẹ́ ilé gbígbé kọ̀ọ̀kan sì lè ra apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yá a, owó rẹ̀ kò tó ti bẹ́lúùnù tí à ń fẹ́ sí àríyá ìdágbére.

Fáwẹ́lì máa padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Sátidé, apẹ̀rẹ̀ mi wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, àmọ́ kó wá gbà á ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú.