Orúkọ Kọ́ La Fẹ́ Mu

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń palẹ̀ ìnáwó mọ́, tí wọ́n ń to Chablis àti Sancerre sórí tábìlì, kìkì nítorí pé àlejò mọ orúkọ wọn. Àwọn wáìnì funfun wọ̀nyí dára lóòótọ́, àmọ́ orúkọ wà lára ohun tó gbé owó lé wọn. Ọ̀wọ́n náà tún wà níbẹ̀: nígbà tí òtútù oṣù kẹrin ọdún 2021 pa ọ̀pọ̀ èèhù àjàrà ní Chablis, ọtí wọ́n, owó rẹ̀ sì fò sókè.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá lọ ra èyí tówó rẹ̀ kéré jù lọ o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìgò £6 bó ṣe rí lọ́dún 2025. VAT kó £1. Lórí ìdíyelé tó bẹ̀rẹ̀ ní February 1, 2025, wáìnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún san £2.66 owó orí ọtí. £2.34 ló kù tí àgbẹ̀, onígò, ọlọ́kọ̀ àti onísọ́ọ̀bù yóò pín. Kí ló kù fún ọtí? Bó bá jẹ́ ìgò £9, VAT di £1.50, owó orí ọtí ò yí padà, £4.84 ló kù. £3 péré lẹ fi kún un, ohun tó kù sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Àwọn tó jọ àwọn olórúkọ ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ràn Sancerre, kó wá Sauvignon ti Touraine: irú àjàrà kan náà, odò Loire kan náà. Ẹni tó fẹ́ràn Chablis, kó tọ́ Muscadet wò, láti agbègbè Nantes. Kó wá “sur lie” lára ìgò: ọtí náà sinmi lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi rọ ọ́ sígò, ó sì máa ń kún ẹnu. Picpoul de Pinet, tí wọ́n ń ṣe létí ọ̀sà Thau, máa ń kan débi pé itọ́ á sun sí ni lẹ́nu. Ó bá ẹja díndín mu gan-an.

Bẹ́ ẹ bá ń tọ́ wáìnì wò, ẹ má mu ún ní tútù jù, torí òtútù máa ń bo àbùkù ọtí mọ́lẹ̀. Ẹ yí i nínú ife, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ mu díẹ̀. Èyí tí adùn rẹ̀ bá pẹ́ lẹ́nu ló yẹ kẹ́ ẹ rà.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ kì í tan ahọ́n, kó rántí Paris, May 24, 1976. Steven Spurrier, oníṣòwò wáìnì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn adájọ́ Faransé jọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ ọtí tí wọ́n ń mu. Àwọn wáìnì funfun Burgundy tó gbajúmọ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ Chateau Montelena 1973, láti California, ni wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó, mo bẹ̀ yín: kẹ́ ẹ tó ra páálí, ẹ ra ìgò mẹ́ta, ẹ fi aṣọ bò wọ́n, kí ará ilé tọ́ wọn wò. Èyí tí ahọ́n wọn bá yàn ni kẹ́ ẹ náwó lé.