Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ Dráífà Àwòrán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í nini lára. Bí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ oko mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu, pàápàá ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ ohun tí ẹni tí ó ni ín fẹ́ fi sínú rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ni ó ń lò, èyí tí ó rà ní Ìkẹjà, ní ọjà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Computer Village. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ó sọ Windows inú rẹ̀ dọ̀tun, ó rí i pé àwọn lẹ́tà tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, fíìmù tí ó bá sì fi sí i ń rìn, ó ń dúró, bí arúgbó tí ń gun òkè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé dráífà àwòrán ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó wá dráífà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó wọlé. Ẹ̀rọ náà kọ ọ̀rọ̀ kan sójú láti fi dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Ó pa ọ̀rọ̀ náà dé láìkà á tán, ó tún dráífà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé e lọ fún ẹnìkan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, onítọ̀hún sì ti pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìwé ìwádìí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi oṣù mẹ́fà kọ bá a lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún gbé dráífà náà wá, ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ya ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ya òmùgọ̀. Ohun tí ó ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe: ó wá oògùn kí ó tó bi aláìsàn léèrè ibi tí ó ń dùn ún. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ dráífà, ó ní ìdí tí ó fi kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì ni láti mọ ìdí náà, kí ọwọ́ tó kan ohun mìíràn.

Kí ni dráífà? Ní ayé ìjọsí, nígbà tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó bá wá sí ààfin, ògbufọ̀ ni ó máa ń dúró láàárín òun àti ọba. Ọba kò gbọ́ èdè àjẹ́lẹ̀, àjẹ́lẹ̀ kò sì gbọ́ ti ọba; bí kò bá sí ògbufọ̀, wọn yóò kàn máa wo ara wọn lójú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Windows, ètò ńlá tí ń darí gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, ni ọba. Káàdì àwòrán, ẹ̀yà tí ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí, ni àlejò. NVIDIA, AMD àti Intel wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lókìkí jù tí ń ṣe ẹ̀yà yìí, olúkúlùkù wọn sì ní èdè tirẹ̀. Dráífà ni ògbufọ̀ tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọba fún àlejò, tí ó sì ń túmọ̀ ti àlejò fún ọba.

Bí ògbufọ̀ gan-an kò bá sí, Windows kò ní í jókòó lásán. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, ó ti ní ògbufọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter. Eléyìí lè kí àlejò, ó lè fi àga fún un, ṣùgbọ́n kò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi máa ń tóbi tí fíìmù sì máa ń falẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí Device Manager, tí ó sì rí orúkọ yìí níbẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀: ẹ̀rọ rẹ̀ kò kú, ògbufọ̀ ni ó ń dúró dè.

Oríṣiríṣi ni ohun tí ó lè mú kí ògbufọ̀ má ráyè wọlé. Èkínní ni pé kí ó má jẹ́ òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ẹni tí ó mú ògbufọ̀ Faransé lọ pàdé ará Jámánì kò gbọdọ̀ bínú bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀. Nínú Device Manager, káàdì kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tí kò ṣeé fi pa mọ́: bí VEN_10DE bá wà nínú àmì náà, ti NVIDIA ni, bí ó bá jẹ́ VEN_1002, ti AMD ni, bí ó bá sì jẹ́ VEN_8086, ti Intel ni. Gbogbo dráífà ni ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ó to orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n rán an sí. Bí orúkọ káàdì kò bá sí nínú ìwé náà, yóò padà ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Windows oní-bíìtì 32 àti oní-bíìtì 64: èyí tí a ṣe fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Láti ọdún 2018 ni NVIDIA ti dẹ́kun ṣíṣe dráífà tuntun fún Windows oní-bíìtì 32. Ẹni tí ó bá sì ń lo irú Windows bẹ́ẹ̀ lè tẹ dráífà tuntun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní í wọlé.

Èkejì kan àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká ní pàtàkì. Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè tún dráífà tò kí ó lè bá ẹ̀rọ tirẹ̀ mu. Bí ènìyàn bá lọ gba dráífà Intel lásán fún un, èsì tí ó lè rí ni pé dráífà yìí kò ní ìfọwọ́sí fún kọ̀ǹpútà yìí, kí ó lọ gba èyí tí ó yẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pa dé láìkà á tán nìyí. Ìbá ṣe pé ó kà á, wákàtí kan péré ni ìbá ná an, ìwé oṣù mẹ́fà rẹ̀ ìbá sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni pé ògbufọ̀ àtijọ́ lè má tíì kúrò láàfin. Bí a bá yọ dráífà kúrò lọ́nà tí kò pé, díẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀ a máa ṣẹ́kù, a sì máa bá tuntun jà. Windows náà tún ní àṣà kan: bí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè lọ mú dráífà tirẹ̀ wá ní àkókò kan náà tí ènìyàn ń fi tirẹ̀ sí i, ni ọwọ́ méjì bá pàdé nínú àwo kan. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí a pa Wi-Fi, kí a tan ẹ̀rọ sínú Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba ohun tí ó nílò ṣiṣẹ́, kí a sì yọ gbogbo ìyókù ti àtijọ́ kúrò. Ètò kan tí ń jẹ́ Display Driver Uninstaller wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí ni kí a tan ẹ̀rọ padà, kí a sì gbé tuntun wọlé. Kí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí iná tàbí kí bátìrì rẹ̀ kún ní gbogbo àkókò yìí. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á, nítorí pé ògbufọ̀ ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ni.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ èdìdì. Láti ìgbà Windows Vista, tí ó dé ọjà ní ọdún 2007, ni Windows oní-bíìtì 64 ti ń béèrè èdìdì lọ́wọ́ dráífà tí ó bá fẹ́ wọ ìyẹ̀wù inú lọ́hùn-ún. Èyí tí kò bá ní èdìdì, ẹ̀yìn odi ni yóò dúró sí. Àwọn kan a máa gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó pa aṣọ́nà yìí, kí dráífà lè kọjá. Ìmọ̀ràn búburú ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì kan tí ó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀, ètò tí dráífà rẹ̀ ń gbé nínú ìyẹ̀wù yẹn gan-an. Kọ̀ǹpútà tí Microsoft ṣírò sí nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 ni ó dákú. Bàlúù kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ òfurufú, iṣẹ́ sì dàrú ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìfowópamọ́. Bí ẹni tí ó ní èdìdì, tí gbogbo ènìyàn fọkàn tán, bá lè fi àṣìṣe kan ṣe èyí, kí ni ẹni tí kò ní èdìdì, tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, kò lè ṣe? Ojúlé ẹni tí ó ṣe káàdì tàbí ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni ó yẹ kí a ti gba dráífà. Ẹni tí ó bá lọ gbà á níbòmíràn lè gba olè sílé.

Ìkarùn-ún ni pé kí káàdì fúnra rẹ̀ máa ṣàìsàn. Bí Device Manager bá sọ nọ́ńbà 28, kò sí dráífà nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Bí ó bá sọ 52, ọ̀rọ̀ èdìdì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ 43, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé káàdì náà ti ròyìn pé ara òun kò dá, Windows sì dá a dúró. Nígbà mìíràn dráífà ni ó fà á, nígbà mìíràn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ ni ó ti jóná. Bí ó bá jẹ́ èyí ìkẹyìn, kò sí dráífà tí ó lè wò ó sàn.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo ènìyàn kọ́ ni yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ, pé àkókò ṣọ̀wọ́n, àti pé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni ó yá jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀nà yìí a máa yanjú ìdí kẹta dáadáa, nítorí pé kò ní í sí ìyókù kankan mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ dráífà tí kò yẹ di èyí tí ó yẹ, kò lè fún aláìlédìdì ní èdìdì, kò sì lè jí káàdì tí ó ti kú dìde. Nínú ìdí márùn-ún, ẹyọ kan ni ó dá lójú pé ó lè yanjú, ohun tí ó sì ń gbà ní ìpààrọ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ọdún púpọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ di dandan, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé àti àwòrán sínú fíláàṣì tàbí ibòmíràn. Atúnkọ̀ǹpútàṣe tí kò bá béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀bi kò sì jẹ́ ti ẹni tí ń lo ẹ̀rọ nìkan. Àwọn tí ń ṣe dráífà náà ní ẹjọ́ láti rò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ ju pé iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere, láìsọ ìdí rẹ̀. Bí oníṣègùn bá sọ fún aláìsàn pé ara rẹ̀ kò yá, tí ó sì pa ilẹ̀kùn dé, ta ni yóò yìn ín? Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó yé mẹ̀kúnnù, kí wọ́n sì jẹ́ kí dráífà àwọn káàdì àtijọ́ wà ní ibi tí ó rọrùn láti rí, nítorí pé ohun tí ó ti di àtijọ́ fún ẹnìkan ni ẹlòmíràn ń fi jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ ka ohun tí ó sọ dé òpin, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ orúkọ káàdì àti irú Windows tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ gba dráífà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì ju agbára yín lọ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ náà dání lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ń dùn ún ni oníṣègùn ń tètè wò sàn.