Ilé Kékeré Tó Pẹ́ Ju Ilé Ńlá Lọ

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ìyàwó olówó kan, àgbàlagbà obìnrin tó ti lé lọ́mọ ogójì ọdún, ra ilé bèbí àlòkù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jà gbàǹjo, tó kó wọn délé, tó wá jókòó tó ń rán aṣọ tí ò tóbi ju áńkáṣíìfù lọ sínú wọn, kí lẹ máa wí? Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ní ayé ti ń ṣe ìyàwó oníyàwó ni. Kò sóhun tó ṣe é o. Orí ẹ̀ pé pérépéré.

Sara Rothé lorúkọ ẹ̀. Ìlú Amsterdam ló ń gbé, lórílẹ̀-èdè Netherlands, oníṣòwò sì lọkọ ẹ̀. Lọ́dún 1743 ló ra ilé ọmọlangidi mẹ́ta tó jẹ́ ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Cornelia van der Gon tẹ́lẹ̀. Ẹ má rò pé ìṣeré ọmọdé ni. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ni wọ́n, tí wọ́n pín inú wọn sí yàrá yàrá: pálọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, yàrá ìbùsùn náà ò gbẹ́yìn. Àwọn ìyàwó olówó ìgbà yẹn ló ń fi í ṣe fàájì, bí tiwa náà ṣe ń to aṣọ òkè sínú àpótí. Owó gidi sì ni wọ́n ń ná lé e lórí. Ẹnì kan wà níbẹ̀ ṣáájú Sara tó ń jẹ́ Petronella Oortman. Títí dé China ló ránṣẹ́ sí fún àwo tánganran kéékèèké, wọ́n sì ní iye tó ná sórí ilé bèbí ẹ̀ tó ra ilé gidi létí omi ní Amsterdam!

Ṣùgbọ́n Sara ló wù mí jù. Kò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti lọ ló kó jọ. Ó tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, ó ní kí káfíńtà kan kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun méjì, ó ṣa èyí tó ṣì dáa nínú ẹrù àtijọ́, ó tún èyí tó bà jẹ́ ṣe, ó gbé iṣẹ́ fáwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ rán èyí tó jẹ́ aṣọ. Kò wá mọ síbẹ̀ o. Ó ní ìwé tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sí: ohun tó rà, iye tó rà á, iṣẹ́ tó ṣe.

Ọdún 1751 ló kú. Ẹ wá bi mí pé níbo ni aṣọ tí òun gan-an fi ń bora sùn wà? Níbo ni ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ẹ̀ wà? Aṣọ ti gbó, wọ́n ti fi nu ilẹ̀. Ìkòkò ti fọ́, wọ́n ti dà á nù. Ṣùgbọ́n ilé bèbí méjèèjì ṣì ń bẹ títí dòní, ọ̀kan ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Hague, èkejì ní ti Haarlem. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé àwọn ará ibẹ̀ ṣe rí láyé ìgbà yẹn, inú ilé bèbí ló ń lọ yọjú sí. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò sùn nínú ẹ̀ rí ló wá ń ròyìn àwọn tó sùn.

Iṣẹ́ yìí ò tíì parẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àgbà ọkùnrin àtobìnrin ṣì ń ra ilé bèbí àlòkù, wọ́n ń tún un ṣe. Wíwọ̀n ló ṣáájú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ínṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Tábìlì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ nílé yín, ínṣì 2 ààbọ̀ ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ilé míì wà tó jẹ́ ìlàjì ìyẹn. Ẹni tí ò bá fi rúlà wọn ilé ẹ̀ kó tó wá ẹrù sí i, á ra àga tí ò ní í gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ìyókù dọwọ́ ọgbọ́n. Páálí ìṣáná mẹ́ta tẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ti di kọ́bọ́ọ̀dù, bọ́tìnì di abọ́, igi ìtayín di ẹsẹ̀ àga. Aṣọ ló máa ń dáni lágara jù. Èèyàn lè gé aṣọ kéré, kò lè sọ òwú inú ẹ̀ di tínrín. Tẹ́ ẹ bá fi áńkárá ṣe kọ́tìnì ilé bèbí, á dúró gan-an bíi páálí. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti gbó ló máa ń wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé wa. Ta ló ṣì ní ọlọ nílé nínú wa? Àdògán ńkọ́? Rọ́bà ti lé amọ̀ jáde, bíléńdà ti lé ọlọ. Kì í sì í ṣe pé irú iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí wa. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan, Justus Akérédolú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ èèyàn kéékèèké: obìnrin tó ń gúnyán, ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ. Àwọn míì kọ́ ọ, iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀, àwọn Òyìnbó sì ń rà á lọ sílé wọn. Ẹ̀gún lásán o!

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ilé bèbí nínú ẹrù tòkunbọ̀, ẹ má fojú pa á rẹ́. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ má kàn kó pálọ̀ Òyìnbó sí i. Ẹ fi amọ̀ mọ àdògán sí i, ẹ gbẹ́ odó, ẹ hun ẹní, kẹ́ ẹ sì pe ìyá àgbà kí wọ́n wá sọ ibi tí kálukú wọn máa ń wà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bíi ti Sara. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu sún mọ́ ọn, kó má lọ gbé odó mì.

Ìyá àgbà ò ní í wà títí láé, ilé ìdáná wọn náà ò ní í wà. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe kékeré ló lè kù.