Ẹ Jẹ́ Kí Ẹnìkejì Yín Gbá Bọ́ọ̀lù Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tẹ́níìsì ni mo gbé wá lónìí, èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan máa ń dúró lápá kan láti bá ọkùnrin kan àti obìnrin kan gbá, tí gbogbo wa ń pè ní mixed doubles. Tí ẹ bá yà sí pápá tẹ́níìsì ní Òṣogbo tàbí Iléṣà nírọ̀lẹ́, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán níbẹ̀: ṣé ó dáa kí èèyàn máa darí gbogbo bọ́ọ̀lù sí obìnrin tó wà lódìkejì? Àwọn kan ní ìwà ojo ni. Àwọn kan ní eré leré ń jẹ́. Mo ṣì ń bọ̀ wá bá ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tó ń rẹ́ obìnrin jẹ jù lórí pápá kì í ṣe alátakò rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n jọ wà lápá kan náà ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ níwájú ọmọbìnrin, ó ti gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó ti mọ ibi tó fẹ́ fi sí. Ẹ ó kàn gbọ́: "Fi í sílẹ̀! Tèmi ni!" Ẹ̀gbọ́n ti sáré dé láti ìkángun kejì bí ẹni tí ilé ń jó. Bó bá gbá a wọlé, gbogbo ayé á máa kí i. Bó bá gbá a sínú àwọ̀n, á yíjú sí ọmọbìnrin náà pé kó máa sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo ti gbá odindi sẹ́ẹ̀tì kan rí tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí sáàfù tèmi àti èyí tí wọ́n sáàfù sí mi, bọ́ọ̀lù tó kàn mí kò ju márùn-ún lọ. Ṣé mo làágùn? Rárá o. Mo kàn ń ṣọ́ igun pápá bí ọdẹ àdúgbò ni.

Ká tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìwà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbọ́n eré gan-an kò gbè é lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, fífẹ̀ pápá jẹ́ mítà 8.23. Tó bá di méjì sí méjì, a ó fi ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un, á wá di mítà 10.97. Ẹsẹ̀ ẹnì kan kò lè ká gbogbo èyí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá fi apá tirẹ̀ sílẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ nìyẹn. Alátakò tó bá lójú á kàn rọra fi èyí tó kàn síbẹ̀. Àwọ̀n náà kò ga dọ́gba. Nídìí òpó, ó ga ní mítà 1.07, ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn, mítà 0.914 péré ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá fi ń gba àárín kọjá: àwọ̀n rẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa wojú ara wọn pé ta ni yóò gbá a. Ariwo "Tèmi ni" kọ́ ni èsì ìyẹn. Kí ẹ ti jọ sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni, pé ẹni tí àárín bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò máa gbá a, tàbí ohun mìíràn tó bá tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lọ́dún 2025, US Open yí ètò mixed doubles wọn padà, wọ́n pe àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n mọ̀ fún àdágbá, mílíọ̀nù kan dọ́là sì ni ẹ̀bùn. Ta ló gbé e? Sara Errani àti Andrea Vavassori, ará Ítálì, àwọn náà tó gbé e lọ́dún tó ṣáájú. Casper Ruud àti Iga Swiatek, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Wimbledon lóṣù tó kọjá nígbà náà, ni wọ́n nà ní àṣekágbá. Errani kò ga, sáàfù rẹ̀ kò sì lágbára. Nígbà mìíràn a máa gbá a láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré fún ọmọdé. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n fi borí ni pé wọ́n mọ ara wọn, olúkúlùkù sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Nínú tẹ́níìsì orí tábìlì, òfin ti yanjú ẹ̀: àwọn méjì tó wà lápá kan gbọ́dọ̀ máa pín in gbá, ìwọ lẹ́ẹ̀kan, èmi lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́níìsì orí pápá kò ní irú rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí òfin ti dá sí i ni bí àwọn òṣèré bá ti gbà pé tí géèmù bá di díúsì, àmì kan péré ni yóò parí rẹ̀. Nígbà náà, tí obìnrin bá ń sáàfù, obìnrin ni yóò gbà á. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ọkùnrin ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ gbá a síbi tó bá wù yín.

Nítorí náà, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sí mi kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Tí ẹ̀yìn-ọwọ́ mi kò bá dáa, ẹ gbá a síbẹ̀, bí mo ṣe máa kọ́ ọ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù àánú ló ń dùn mí jù, èyí tí wọ́n ń rọra sọ sí mi bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Ẹni tó dúró nídìí àwọ̀n, tí kò ju mítà mẹ́ta sí ọ, tí àyè ṣófo lọ́tùn-ún lósì, kí lo ń fojú sun àyà rẹ̀ fún? Òfin gbà á, mo mọ̀: bọ́ọ̀lù tó bá kan ara alátakò kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a ló ni àmì. Níbi ìdíje owó, ó yé mi. Nírọ̀lẹ́ tó jẹ́ pé ọtí mọ́ọ̀tì tútù kan ni ẹ̀bùn, kò yé mi. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí nídìí ayò. Ọ̀ta lè fi ọ̀pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n bí ọmọ ayò bá tán nílé ọ̀pẹ́, ọ̀ta gbọ́dọ̀ ta díẹ̀ sí i bó bá ní èyí tó lè dé ibẹ̀, kí eré lè máa lọ. Wọ́n á jẹ ẹ́ bó bá ṣe é jẹ, wọn kì í fi ebi lé e kúrò nídìí ọpọ́n.

Èyí tó le jù ló kù: ìlà. Níbi tí kò bá sí adájọ́, apá tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí ló ń pè é. Bí kò bá dá wọn lójú, ó wọlé nìyẹn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ tẹ́níìsì Amẹ́ríkà ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀ tún fi kún un pé bí ẹnìkan bá ní ó jáde, tí ẹnìkejì rẹ̀ ní ó wọlé, ó wọlé ni. Pápá sìmẹ́ǹtì kì í tọ́jú ojú ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù bíi ti alámọ̀. Ojú àti ọkàn èèyàn nìkan la ní. Wàyí o, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ké pé, "Out!" Ta ni nínú àwa ọmọ ogún ọdún lódìkejì tó máa ní irọ́ ni? A ó kàn mú bọ́ọ̀lù mìíràn. Àwọn kan sì wà tí wọn kò ní gbà, tí wọ́n máa lóṣòó ti ìlà bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè, tí gbogbo eré á dúró. (Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.)

Ẹni tó lè tún un ṣe láìsí ìjà ni ẹni tó wà lápá bàbá. "Ẹ má bínú sà, mo rí i, ó kan ìlà." Èyí tó bá kan ìlà, inú ló wà. Kò sí àrífín níbẹ̀, nítorí ará ilé ẹni ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọbìnrin kan ṣe é. Bàbá wo ìlà, ó wo ọmọ, ó ní, "Ó dáa, ẹ gbà á." Ó parí. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ti ń jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ di aṣọ́gbà, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé ó wọlé?

Ẹ̀yin ọkùnrin, lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá fi obìnrin tì yín, kí ẹ tó fi ọwọ́ júwe ibi tí yóò dúró sí fún un, ẹ bi í pé apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì ló wù ú. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń lọ sí pápá, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí.