Òpó Irin fún Ilé Kòkó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tí ẹ ó máa kó kòkó sí, ẹ má ṣe wo iye owó ọjọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé òpó igi dínwó ju ti irin lọ. Ṣùgbọ́n ikán a máa jẹ igi rírọ̀ láti inú wá, ẹ ó sì tún ra òmíràn. Ìrókò tí ó lè dojú kọ ikán sì ti ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa. Ikán kò lè jẹ irin. Bí ẹ bá wó ilé náà, ẹ lè tún irin rẹ̀ tò sí ibòmíràn, tàbí kí ẹ tà á. Àwọn tí ń yọ́ irin àlòkù wà ní Ìkòròdú. Ọ̀tá irin ni ìpáàrà: ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ òpó lé orí kọnkéré, kí omi má baà dúró sí i lára.